Ẹ ka èèyàn kí ẹ tó ka páńẹ́lì: bí a ṣe ń fi sólà sí ilé àjùmọ̀gbé

Yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan láàárín, mítà kan ṣoṣo lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ kéékèèké márùn-ún lẹ́yìnkùlé: irú ilé yìí pọ̀ ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Òṣogbo àti ẹ̀yìn ìlú Èkó. Ibẹ̀ náà ni sólà ti máa ń dàrú jù. Kì í sábà jẹ́ pé páńẹ́lì burú. Ẹnì kan á gbé e sórí òrùlé tí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan láìsọ fún ẹnikẹ́ni, tàbí kí èèyàn mẹ́fà dáwó láìkọ iye tí kálukú lè lò sílẹ̀. Nígbà tó bá fi máa di oṣù kẹta, ẹnì kan ti ki áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́. Kó tó pé ọdún, bátìrì ti kú. Látọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò á máa wí pé sólà kì í tọ́jọ́.

Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ èèyàn. Iṣẹ́ wáyà ń bọ̀, ìṣirò ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn àdéhùn ni wọ́n wà.

Ẹ wo ìwé owó NẸ́PÀ kí ẹ tó pe ìpàdé

Ilé tó ń jùmọ̀ lo mítà kan ti jà lórí owó iná rí. Àwọn kan ń pín in ní yàrá sí yàrá, àwọn mìíràn ń ka póńtì, ìyẹn iye ojú gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà ní yàrá kálukú. Ẹ lọ bá ẹni tó ń gba owó náà jọ, kí ẹ bi í léèrè oṣù mẹ́fà tó kọjá. Ta ló san lọ́jọ́ tó yẹ? Ta ni wọ́n ń lé kiri? Ta ló ń sọ pé òun ò sí nílé lóṣù yẹn? Ẹni tí kò san owó NẸ́PÀ kò ní san owó bátìrì. Bí yàrá mẹ́rin nínú mẹ́fà bá ń san déédéé, ẹ ṣe sólà yàrá mẹ́rin, kí ẹ sì ra ínfátà, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná tí ohun èlò ilé ń lò, tó lè gba méjì yòókù bí wọ́n bá dé. Ẹ má ṣe ka owó tí wọn kò tíì kó wá mọ́ owó tó wà lọ́wọ́.

Ní ìpàdé, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ látorí ojú ọjọ́ tó ń yí padà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó ń dun ilé. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023, tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróò tí kò tó ₦200 kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà sẹ́yìn mọ́. Ní oṣù kẹrin 2024, owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó yẹ kó máa rí iná jù lọ, fò láti ₦68 sí ₦225 fún ẹyọ kan. Ẹ ní kí kálukú sọ iye lítà tó ń rà, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sójú pátákó. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour," bí márùn-ún bá wà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń mu lítà 2 lálẹ́, lítà 10 nìyẹn lálẹ́ kan, lítà 300 lóṣù. Ẹ sọ ọ́ di náírà lójú gbogbo wọn, kí ẹ sì dákẹ́ díẹ̀. Ẹ mẹ́nu ba èéfín náà: jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lábẹ́ fèrèsé ń tú carbon monoxide jáde, kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì lè pa odindi ìdílé kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ẹni tó mú ọ̀rọ̀ wá kọ́ ló yẹ kó gbé e kalẹ̀. Bí ọmọdé jù lọ nínú àwọn ayálégbé bá dìde tó ní "ẹ jẹ́ ká ra sólà," ohun tí wọ́n á gbọ́ ni pé ọmọ yìí ti rówó. Kó lọ kí àgbà ilé lálẹ́ ọjọ́ méjì mẹ́ta ṣáájú, kó ṣàlàyé fún un, kí àgbà fi ẹnu ara rẹ̀ dá a sílẹ̀ ní ìpàdé. Bí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó wà nítòsí bá ń lo sólà, ẹ mú àwọn tó ń ṣiyèméjì lọ síbẹ̀ ní aago 9 alẹ́. Ohun tí wọ́n fojú rí tó ń tàn dára ju àlàyé mẹ́wàá lọ, pàápàá ní àdúgbò tí iná sólà tí ìjọba rì sẹ́bàá títì ti kú látọdún kejì.

Òrùlé ta ni?

Onílé tó fi ilé háyà ní ẹ̀rù mẹ́ta: kí páànù má jò, kí ayálégbé tó ti náwó má kọ̀ láti jáde, kí wọ́n má máa ṣe ohun tí kò fọwọ́ sí lórí ilé rẹ̀. Ẹ dáhùn ẹ̀rù náà kó tó sọ ọ́. Ẹ̀rù tiyín náà wà: lójú òfin, ohun tí a bá kàn mọ́ ilé lè di ti ẹni tó ni ilé. Ìwé ojú ewé kan ti tó, kí onílé, aṣojú ayálégbé àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i. Kó sọ pé páńẹ́lì, irin tó gbé e, ínfátà àti bátìrì jẹ́ ti àwọn tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀; pé wọ́n lè tú u kó lọ; pé àwọn ni yóò dí ihò páànù bí wọ́n bá tú u; pé bí òrùlé bá jò níbi tí bóòtù gbà wọlé, àwọn ni yóò tún un ṣe, ṣùgbọ́n bó bá jò níbòmíràn, ti onílé ni; pé owó ilé kò ní tìtorí sólà gòkè fún ọdún méjì. Ká tó gbé àkàbà, kí ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́. Bí onílé bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lè fi irin gbé páńẹ́lì dúró nínú ọgbà níbi tí igi kò ti ṣíji bò ó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ewúrẹ́ àti bọ́ọ̀lù àwọn ọmọ á máa dé ibẹ̀.

Ilé ẹbí le ju èyí lọ. Ẹni tó bá gbé nǹkan ńlá sórí òrùlé ẹbí, kó tó dọjọ́ kejì, àwọn tó wà ní Èkó àti òkè òkun á ti gbọ́ pé ó fẹ́ sọ ilé bàbá wọn di tirẹ̀. Mọ́gàjí tàbí olórí ẹbí ni kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún, lẹ́yìn náà ìyálé ilé àti àwọn ọmọ obìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, nítorí ilé bàbá tiwọn náà ni, ẹnu wọn sì múná bí a bá fi wọ́n sẹ́yìn. Bí ẹ bá ní ẹgbẹ́ WhatsApp ẹbí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ ní gbólóhùn kan: páńẹ́lì mẹ́rin ni, ti ilé ni, kò sọ yàrá kankan di ti ẹnikẹ́ni. Owó tí ẹni tó wà lókè òkun bá fi ránṣẹ́, kí ìwé gbà á wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún ilé. Bí ó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn fún ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan, ìjà ti wà níbẹ̀.

Ẹ dé ìdáná

Oníṣẹ́ iná máa ń béèrè lọ́wọ́ baálé ilé. Baálé á ka tẹlifíṣọ̀n, fáànù àti ẹ̀rọ orin. Kò ní rántí bílẹ́ńdà, gílóòbù ìdáná, fáànù ọmọ jòjòló tó ń yí lọ́sàn-án, fírísà tí ìyàwó fi ń ta omi dídì. Ọ̀sẹ̀ kejì tí sólà bá dé, nǹkan mẹ́rin tí wọn kò kà yìí ni yóò mú un wálẹ̀, wọ́n á sì sọ pé obìnrin ló ba bátìrì jẹ́.

Ẹ wọ yàrá kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, ní aago 2 ọ̀sán àti aago 8 alẹ́, kí ẹni tó ń wọlé jẹ́ ẹni tí àwọn ìyá lè fi ìdáná hàn. Ẹ má béèrè ohun tí wọ́n fẹ́, nítorí gbogbo ayé ló fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ wo ohun tó wà nínú iná lọ́wọ́lọ́wọ́, kí ẹ ka wáàtì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ bi wọ́n ní iye wákàtí. Ẹ kọ ẹni tó ń fi iná jẹun sọ́tọ̀. Mọ́tò ẹ̀rọ aránṣọ kékeré kò ju nǹkan bí 100 wáàtì lọ, ṣùgbọ́n ti ilé iṣẹ́ lè tó 400. Ẹ̀rọ tí onídìrí fi ń gbẹ irun kọjá 1,000. Fírísà ń jẹ tó 1,500 sí 2,000 Wh (wáàtì lọ́nà iye wákàtí) lójúmọ́. Ìṣirò ilé kò lè gbé wọn. Ẹ jẹ́ kí oníṣòwò ra páńẹ́lì tirẹ̀ kún un, kó sì dá ju yàrá yòókù lọ. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbangba, kò sẹ́ni tí yóò máa wo omi dídì rẹ̀ bíi pé owó ilé ló ń dì.

Ìṣirò yàrá mẹ́fà

Wh ni wáàtì tí a fi iye wákàtí sọ di púpọ̀. Ẹ jẹ́ ká mú yàrá kan tí kò ní fírísà:

Gílóòbù LED 9 wáàtì méjì, wákàtí 5: 90 Wh
Fáànù 60 wáàtì, wákàtí 6: 360 Wh
Tẹlifíṣọ̀n 50 wáàtì, wákàtí 4: 200 Wh
Fóònù méjì: 30 Wh

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 680 Wh. Yàrá mẹ́fà jẹ́ 4,080. Gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti ti ìta mẹ́rin, 5 wáàtì ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀, fi 240 kún un: 4,320. Wáyà, ínfátà àti ooru á jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ pín in sí 0.8, ó di 5,400 Wh lójúmọ́.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ lè gbára lé wákàtí 4 oòrùn tó múná dáadáa lóòjọ́, ṣùgbọ́n ní oṣù keje àti ìkẹjọ ẹ fi sí 3. Bí a bá pín 5,400 sí 3, ó jẹ́ 1,800 wáàtì: páńẹ́lì 450 wáàtì mẹ́rin. Àwọn tó ń fi wákàtí 6 ṣe ìṣirò kí owó lè dà bíi pé ó kéré ló ń dá ìjà oṣù keje sílẹ̀.

Ti òru ni bátìrì. Bí a bá yọ ohun tí wọ́n ń lò lọ́sàn-án kúrò, ilé yìí ń lo nǹkan bí 3,200 Wh láàárín ìrọ̀lẹ́ àti àárọ̀. Ínfátà náà á jẹ nínú rẹ̀, á sọ ọ́ di nǹkan bí 3,560. Bátìrì lítíọ́mù 24 fóòtì (volt), 200 Ah (amp lọ́nà wákàtí), tó gba 5,120 Wh nítorí fóòtì rẹ̀ gan-an jẹ́ 25.6, gbé e dáadáa, nítorí ẹ lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Bátìrì olómi 12 fóòtì, 220 Ah, gba 2,640, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ lò ju ìdajì lọ bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Mẹ́rin ni ẹ nílò, nítorí méjì méjì ni a ń so wọ́n pọ̀ láti di 24 fóòtì; ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín ní méjì. Ẹ sì bi ara yín: ta ni yóò máa bu omi bátìrì sí i lóṣooṣù? Omi bátìrì ni o, kì í ṣe omi inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà lójú pópó. Bí kò bá sẹ́ni tó na ọwọ́, ẹ dáwó lítíọ́mù bó tilẹ̀ gba oṣù mẹ́ta sí i.

Bí gbogbo yàrá bá tan gbogbo nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà, kò ju 900 wáàtì lọ púpọ̀. Ínfátà 3 kVA, 24 fóòtì, tó gbé nǹkan bí 2,400 wáàtì, fi àyè sílẹ̀. Kí MPPT rẹ̀, ìyẹn apá tó ń darí iná láti páńẹ́lì wọ bátìrì, tó 80 amp, nítorí 60 amp kò lè gba 1,800 wáàtì tán ní 24 fóòtì.

Ẹnì kan á ní òun ní bátìrì kan nílé, kí wọ́n fi ṣe ìpín òun. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má gbà á. Bátìrì àtijọ́ tí a so mọ́ tuntun á fa tuntun wálẹ̀ sí ipò tirẹ̀. Owó ni ìpín.

Ẹ jẹ́ kí bírékà ṣe onídàájọ́

Bí olùtọ́jú ilé bá ní láti kan ilẹ̀kùn láti sọ pé "ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ áyọ́ọ̀nù yẹn," ọ̀tá ló ń dá sílẹ̀. Ẹ fi bírékà 2 amp sí wáyà yàrá kọ̀ọ̀kan. 2 amp lórí 230 fóòtì jẹ́ 460 wáàtì. Ohun tí yàrá ń lò kò pé 150, nítorí náà bílẹ́ńdà lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ láìsí wàhálà. Áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì ń fà ju 4 amp lọ. Yàrá tó ki áyọ́ọ̀nù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan ni yóò ṣókùnkùn, kò ní pẹ́ rárá. Kí àpótí bírékà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí gbogbo ojú ti lè rí i, kó sì ní àgádágodo, nítorí ẹnì kan á fẹ́ fi 10 amp pààrọ̀ 2 amp lóru.

Èèyàn ò lè máa wọ aṣọ rírún lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí nítorí sólà. Ẹ ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú bírékà 6 amp fún áyọ́ọ̀nù, kó máa ṣiṣẹ́ láàárín aago 11 àárọ̀ sí aago 2 ọ̀sán nìkan, nígbà tí páńẹ́lì ń mú ohun tó pọ̀ jù wá. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Sátidé ni ìlà á gùn jù, ẹ fi sùúrù sí i.

Kí yàrá kọ̀ọ̀kan ní wáyà méjì, ti NẸ́PÀ àti ti sólà, kí ẹ sì kun sọ́kẹ́ẹ̀tì sólà ní ọ̀dà pupa. Kí oníṣẹ́ má so neutral (wáyà tí iná ń gbà padà) méjèèjì pọ̀. Bí ó bá so wọ́n pọ̀, ínfátà lè jóná lọ́jọ́ tí NẸ́PÀ bá dé, ẹni tó bá sì tan iná rẹ̀ kẹ́yìn ni wọ́n á dá lẹ́bi.

Nǹkan kékeré kan ń dá ìjà ńlá sílẹ̀: ínfátà tún ń gba iná NẸ́PÀ láti fi kún bátìrì. Bí ó bá ń fi 30 amp kún bátìrì 24 fóòtì, ó ń fà tó 800 wáàtì láti ara mítà gbogbo ilé, títí kan ti yàrá tí kò sí nínú sólà. Ẹ ṣètò rẹ̀ kó jẹ́ oòrùn ni yóò máa kọ́kọ́ lò, kó sì gba NẸ́PÀ kìkì nígbà tí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó ń san ìyẹn.

Fóònù aládùúgbò àti ọjọ́ òde

Ilé tó mọ́lẹ̀ nínú àdúgbò tó ṣókùnkùn, ẹ ò lè ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Wọ́n á wá gba fóònù lágbára. Bí ẹ bá kọ̀, ẹ di ahun. Bí ẹ bá gbà láìní ètò, yàrá ẹnì kan ló máa di ibùdó. Ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì fóònù mẹ́fà síbi àbáwọlé, pẹ̀lú bírékà 1 amp tirẹ̀, kí ẹ sì sọ àsìkò rẹ̀: aago 10 àárọ̀ sí 4 ìrọ̀lẹ́. Fóònù mẹ́wàá kò gbà ju 150 Wh lọ, páńẹ́lì kan sì ń mú un wá kí wákàtí kan tó pé. Gílóòbù ìta tó ń tan ojú ọ̀nà fún aládùúgbò ń ṣiṣẹ́ ọdẹ pẹ̀lú: ẹni tó ń jàǹfààní iná yín ni yóò pariwo bí ó bá rí àjèjì lórí òrùlé yín.

Òde ni kí ẹ kọ sílẹ̀ ṣáájú. Lọ́jọ́ ìkómọ tàbí àìsùn òkú, kò sẹ́ni tó lè dojú kọ ọlọ́fọ̀ kó ní kó yọ ẹ̀rọ orin rẹ̀. Ẹ̀rọ orin òde lè gba 1,000 wáàtì sí 2,000 fún odindi òru. Kí àdéhùn wí pé sólà á fún òde ní gílóòbù nìkan, ẹni tó ni òde á háyà jẹnẹrétọ̀ fún orin àti ohun mímu tútù. Nítorí èyí, àti nítorí oṣù keje, ẹ má ta gbogbo jẹnẹrétọ̀ yín. Ẹ dá ọ̀kan sí.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù

Àwọn àgbà kan á ní páńẹ́lì ń pe àrá. Ẹ má fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀. Páńẹ́lì kì í pe àrá, ṣùgbọ́n àrá tó bá sán nítòsí lè gba wáyà wọlé. Ẹ rì ọ̀pá bàbà, ó kéré tán mítà 1.2, sínú ilẹ̀ tó tutù, kí ẹ so irin páńẹ́lì mọ́ ọn, kí ẹ sì fi surge protector, ohun tó ń dá iná òjijì dúró, sáàárín páńẹ́lì àti ínfátà. Ẹ pe àgbà náà wá wò ó bí wọ́n ṣe ń rì í.

Àwọn mìíràn ní kì í ṣiṣẹ́ lásìkò òjò. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú bolẹ̀, ó lè má mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó sanwó. Kí ẹ sì fohùn ṣọ̀kan lórí ohun tí a ó kọ́kọ́ pa lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀: tẹlifíṣọ̀n, lẹ́yìn náà fáànù, gílóòbù kẹ́yìn. Yàrá tó ní ọmọ jòjòló ni kí fáànù rẹ̀ dúró pẹ́ jù.

Ti olè: bóòtù tí orí rẹ̀ ń ṣẹ́ kúrò lẹ́yìn tí a bá fún un tán, orúkọ ilé ní ọ̀dà sẹ́yìn páńẹ́lì, àti nọ́ńbà páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan nínú ìwé.

"Ọmọ wa ni"

Ilé máa ń fẹ́ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹnì kan ní iṣẹ́ náà. Kò burú, bí ó bá lè kọ nọ́ńbà mẹ́rin sílẹ̀ kó tó gba owó: Wh lójúmọ́, wáàtì páńẹ́lì, Wh bátìrì tí a lè lò, àti fóòtì tí páńẹ́lì á gbé wọ ínfátà. Fún páńẹ́lì 450 wáàtì mẹ́rin, méjì méjì ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, fóòtì náà máa ń wà láàárín 80 sí 100. Kí ó fi ohun tí ínfátà lè gbà tó pọ̀ jù hàn yín nínú ìwé rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè kọ nọ́ńbà wọ̀nyí, kó wá ran oníṣẹ́ lọ́wọ́, kó gba owó ìrànlọ́wọ́. Báyìí ni kò ní sí ìtìjú.

Ẹ gbé bátìrì sórí ìwọ̀n. 200 Ah oníjẹ́ẹ̀lì tàbí AGM (irú bátìrì tí a kì í bu omi sí), 12 fóòtì, yẹ kó tó kílò 55 sókè. Bí ó bá jẹ́ 40, orúkọ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ wọn páńẹ́lì: 450 wáàtì máa ń gùn tó mítà 1.7 sí 2.1, ó sì fẹ̀ ju mítà kan lọ díẹ̀. Èyí tó gùn mítà 1.5, tó fẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 67, kò lè jẹ́ 450 láéláé.

Wáyà láti bátìrì sí ínfátà, 35 mm², kó má gùn ju mítà 2 lọ, pẹ̀lú fíùsì 150 amp létí bátìrì. Wáyà páńẹ́lì, 6 mm². Bírékà tó wà ní ìhà páńẹ́lì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti DC, irú iná tó ń jáde láti páńẹ́lì àti bátìrì. Bírékà ilé lásán kì í lè pa iná DC, ó lè gbiná. Ibi tí bátìrì bá wà, kí afẹ́fẹ́ máa wọlé, kó jìnnà sí ìdáná àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré. Kó má sì jẹ́ yàrá ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ń sùn tì í á sọ ọ́ di tirẹ̀.

Ẹ má san owó tó kù títí di òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Kí gbogbo yàrá tan gbogbo ohun tó wà nínú ìwé ní aago 7 alẹ́. Bí gílóòbù ọ̀dẹ̀dẹ̀ bá ṣì ń tàn ní aago 6 àárọ̀, ẹ san án.

Ojú oòrùn, kì í ṣe ojú títì

Àwọn kan á fẹ́ kí páńẹ́lì kọjú sí títì kí ayé lè rí i. Ibi tó yẹ kó kọjú sí ní ilẹ̀ wa ni gúúsù, kó dagun díẹ̀, ìwọ̀n dígírì 10 sí 15, kí òjò lè fọ̀ ọ́. Bí òrùlé tó kọjú sí títì bá jẹ́ ti àríwá, ẹ gbàgbé títì. Ẹ wo òjìji igi máńgòrò, tánkì omi àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò ní aago 9, 12 àti 3. Òjìji tó bo igun páńẹ́lì kan lè fa èyí tí wọ́n jọ so pọ̀ sẹ́yìn. Kí káfíńtà gun àjà lọ wo igi kí ẹ tó gbé e. Páńẹ́lì mẹ́rin wúwo tó kílò 100, ikán sì ti jẹ igi àjà ọ̀pọ̀ ilé tí páànù wọn ti pọ́n.

Lásìkò ọyẹ́, ekuru máa ń bò ó. Ẹ fi omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn fọ̀ ọ́ ní àárọ̀ kùtùkùtù, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sẹ̀ méjì, láti orí àkàbà. Kí ẹnikẹ́ni má tẹ páńẹ́lì mọ́lẹ̀. Ilé ti ní ìwé tí wọ́n fi ń pín gbígbá àgbàlá àti fífọ ilé ìgbẹ́. Orí ìwé yẹn gan-an ni kí ẹ kọ fífọ páńẹ́lì sí. Bí ẹ bá ṣe ìwé tuntun fún un, kò ní sẹ́ni tí yóò kà á.

Owó tó ń bọ̀, àti ẹni tó ń lọ

Àjọ tí wọ́n ń gbà ní yíyípo kò bá rírà sólà mu, nítorí ẹni tó kọ́kọ́ gbà á lè kó jáde. Ẹ lo owó tí a ń tọ́jú pọ̀ títí yóò fi pé, tàbí kí ẹnì kan tó wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá a, kí ìwé sì jẹ́rìí pé gbogbo ilé ló jẹ ẹ́.

Ọjọ́ tí iná bá tàn ni kí owó bátìrì tó ń bọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ká ní bátìrì olómi mẹ́rin jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, tí a sì retí ọdún mẹ́ta: pín in sí oṣù 36, pín in sí yàrá mẹ́fà, ó sún mọ́ ₦4,630 fún yàrá kan lóṣù. Ẹni méjì ni kó wà nídìí owó náà àti kọ́kọ́rọ́ àpótí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, kí wọ́n má jẹ́ tọkọtaya. Kí wọ́n ka owó lójú gbogbo ilé ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan. Bátìrì tó bá kú, ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin àti òjé, kí owó rẹ̀ padà sínú àpò. Ẹ má da omi rẹ̀ sínú gọ́tà.

Ẹni tó bá kó jáde ń gba ìpín rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wọlé rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe nínú owó bátìrì. Ẹ ka ọdún márùn-ún, kí ìdá kan nínú márùn-ún máa já lọ́dọọdún. Bí ó bá dá ₦300,000 tó sì lọ lẹ́yìn ọdún méjì, ₦180,000 ni. Kí àwọn méjì tó ń ṣọ́ àpótí fi sọ́kẹ́ẹ̀tì pupa, bírékà 2 amp àti ìwé fífọ páńẹ́lì han ayálégbé tuntun kí wọ́n tó gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá ní fírísà nínú ẹrù rẹ̀, kó sọ ọ́ níbẹ̀.